Bí A Ṣe Lè Dín Ìdánìkanwà Kù Láàrin Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì

(Àròkọ Aṣàlàyé)

ORÍ-Ọ̀RỌ̀

Kọ àròkọ lórí ọ̀nà tí a lè gbà dín ìdánìkanwà kù láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, kí ara àti ọkàn wọn lè dá ṣáṣá.

ÀLÀYÉ FÚN AKẸ́KỌ̀Ọ́

Àròkọ aṣàlàyé ni orí-ọ̀rọ̀ yìí ń bèèrè. Olùyẹ̀wò kò ní kí o pa ìtàn, kò sì ní kí o bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun tí ó fẹ́ rí ni bí o ṣe lè mú ọ̀rọ̀ kan, kí o tú u palẹ̀, kí o sọ ohun tí ó ń fà á, ohun tí ó ń dá sílẹ̀, àti bí a ṣe lè wá ojútùú sí i.

Ka orí-ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì kí o tó mú bírò. Ohun mẹ́ta ni ó ṣe kókó níbẹ̀: "ìdánìkanwà", "dín kù", àti "akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì". Ẹni tí ó bá fi gbogbo àròkọ rẹ̀ ṣàròyé lórí owó ilé-ẹ̀kọ́ ti ṣìnà. Ẹni tí ó bá kọ nípa àwọn arúgbó tí ọmọ wọn ti lọ sí òkè òkun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dùn létí, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè. Bákan náà, ẹni tí ó bá fi ojú-ìwé méjì sunkún lórí ìṣòro náà, tí ó wá fi gbólóhùn kan ṣoṣo wá ojútùú sí i, kò ka "dín kù" mọ́ orí-ọ̀rọ̀.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí o mọ̀ ni pé ìmọ̀ràn tí kò ní ọwọ́ tí kò ní ẹsẹ̀ kì í gba máàkì púpọ̀. "Kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí i" ti pọ̀ jù nínú ìwé ìdánwò. Sọ ẹni tí yóò ṣe é, ohun tí yóò ṣe, ibi tí yóò ti ṣe é àti ìgbà tí yóò ṣe é. Nítorí èyí ni a ṣe mú ìlú kan, èyí ni Ìwó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a fi í ṣe ojú ọ̀rọ̀ wa. Ìwọ náà lè mú ìlú tí o mọ̀ dunjú.

ÌLAPA ÈRÒ

(i) Ìfáàrà: Ìwó, yunifásítì tó wà níbẹ̀, àti ọmọ tí ó kúrò nílé.
(ii) Ohun tí ìdánìkanwà jẹ́ àti ohun tí kì í ṣe.
(iii) Ohun tí ó ń fà á.
(iv) Ewu tí ó wà nínú rẹ̀.
(v) Àpẹẹrẹ àwọn tí ó ti wá ojútùú sí i: Lọ́ńdọ̀nù, Abẹ́òkúta, Harare.
(vi) Ojútùú èké: ẹgbẹ́ òkùnkùn.
(vii) Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, ará ìlú àti òbí lè ṣe.
(viii) Ìgúnlẹ̀.

ÀRÒKỌ ÀPẸẸRẸ

Ìwó Olódò Ọbà ni ìlú tí gbogbo Yorùbá fi odídẹrẹ́ mọ̀. Odídẹrẹ́ kì í fẹ́ dá gbé. Agbo rẹ̀ ni ó ń bá fò lọ wá oúnjẹ, agbo rẹ̀ náà ni ó sì ń bá sùn. Bí àwọn àgbà bá ń wúre fún ẹni tí ó ń lọ sí àjò, wọ́n a ní odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. Lóde òní, yunifásítì ni oko ìwájẹ ọ̀pọ̀ ọmọ. Ní Ìwó, Bowen University ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lọ. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni ó dá a sílẹ̀ sí ibi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wọn wà rí. Ọdún 2001 ni ó gba ìwé àṣẹ, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2002. Orúkọ T. J. Bowen, ajíhìnrere ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi sọ ọ́. Nígbà tí Bowen gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, òun nìkan ni ó dé, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ kúrò nílé ti kú ní Làìbéríà. Ó kọ́ èdè Yorùbá láti ẹnu àwọn tí ó gbà á sílé, ní 1858 wọ́n sì tẹ ìwé rẹ̀ lórí gírámà àti àwọn ọ̀rọ̀ èdè náà jáde. Ẹni tí ó dá dé ni yunifásítì náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì ń dá dé síbẹ̀ lọ́dọọdún.

Kí ènìyàn dá wà kì í ṣe àrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ yege ní láti dá jókòó ti ìwé rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ìdánìkanwà tí à ń sọ yàtọ̀ sí èyí. Òun ni ìrora ọkàn ẹni tí ó wò yíká tí kò rí ẹni tí ó lè finú hàn, tí ó sì gbà nínú ara rẹ̀ pé bí òun kò bá yọjú fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ẹni tí yóò béèrè òun. Ènìyàn lè wà láàrin ọjà Odò-Orí kí irú ìrora yìí máa bá a fínra. Ó lè wà nínú yàrá tí àwọn mẹ́fà ń sùn sí. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ èrò kọ́ ni oògùn rẹ̀. Oògùn rẹ̀ ni ẹni tí ó mọ̀ wá ní orúkọ, tí yóò sì wá wa rí bí a kò bá sí níbẹ̀.

Kí ni ó ń fa ìdánìkanwà láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́? Èkíní ni ọjọ́ orí àti ìyípadà ibùgbé. Ọ̀pọ̀ ni kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ nígbà tí wọ́n wọlé. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, agogo ń dún, olùkọ́ ń pe orúkọ láàárọ̀, ẹni tí kò bá jẹ́ni ní láti sọ ìdí rẹ̀. Ní yunifásítì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ni ó ń kún gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan. Ẹnì kan lè dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọjọ́ mẹ́wàá kí olùkọ́ má mọ̀.

Èkejì ni èdè àti àṣà. Ọmọ tí ó ti Benue tàbí Rivers wá sí Ìwó ń gbọ́ Yorùbá lọ́tùn-ún lósì, kò sì mọ ìgbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí òun àti ìgbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ọmọ Ìwó tí ó bá ara rẹ̀ ní Zaria tàbí Nsukka.

Ẹ̀kẹta ni owó àti ìtìjú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó ọbẹ̀ a máa sá fún yàrá nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń jẹun, kí ó má baà dà bí ẹni tí ń wo ẹnu wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń sá fún àwọn fúnra wọn. Èyí tí ó tún burú ni ti ọmọ tí òbí rẹ̀ ta ilẹ̀ tàbí tí ó yáwó kí ó tó wọlé. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, yóò ní, "Ẹ̀kọ́ ń lọ dáadáa, Màámi," omi sì wà lójú rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe sọ pé inú òun kò dùn ní ibi tí wọ́n fi gbogbo ohun ìní wọn ra fún òun?

Ẹ̀kẹrin ni pé àwọn ohun tí ó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ láyé àtijọ́ ti ń dín kù. Nígbà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré ni ó ní. Kò ṣòro kí gbogbo wọn mọ ara wọn. Inú gbọ̀ngàn oúnjẹ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba ti ń jẹun pọ̀, títí ìjọba àpapọ̀ fi yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ní 1984. Láti ìgbà náà, kálukú ń dáná tirẹ̀ lórí sítóòfù tirẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó lọ pẹ̀lú tábìlì yẹn. Ìjókòó tí a fi ń mọ ẹni tí kò wá náà bá a lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé àrùn òyìnbó ni ìdánìkanwà, pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 sọ pé ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́fà ni ìdánìkanwà ń bá jà ní gbogbo àgbáyé. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, ó tó ìdá 24 nínú 100. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ìdá 11 péré ni. Ìròyìn kan náà sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà nínú ìdánìkanwà fi ìdá 22 nínú 100 sún mọ́ àtigba máàkì tí kò dára ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ẹ̀kọ́, kí ó tún èrò rẹ̀ pa.

Ní ilẹ̀ wa pàápàá, wọ́n ti kíyèsí i tipẹ́tipẹ́. Dókítà Raymond Prince, ọmọ Kánádà, ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta. Ní 1960 ó kọ̀wé lórí àìsàn kan tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, tí àwọn fúnra wọn ń pè ní "brain fag". Orí a máa gbóná tàbí kí ó dà bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, ojú a máa ṣú, wọn a ka ìwé títí ohun tí wọ́n kà kò ní wọlé. Lónìí, àwọn onímọ̀ kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí bóyá àrùn ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ gbà pé àníyàn àti ìsoríkọ́ ni ó wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan tí Prince rí yẹ fún àkíyèsí. Ó ní wọ́n tọ́ ọmọ náà dàgbà láàrin agbo, wọ́n sì wá gbé ẹ̀kọ́ tí ó ní láti dá kọ́, tí ó ní láti dá yege nínú rẹ̀, lé e lórí. Gbogbo ẹbí ni ó rán an níṣẹ́, òun nìkan ni ó sì ń jẹ́ iṣẹ́ náà.

Bí ìṣòro náà kò ṣe jẹ́ tuntun, bẹ́ẹ̀ ni ojútùú rẹ̀ kò jẹ́ tuntun. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, òtútù ń mú, ọ̀pọ̀ àwọn onílé kì í sì í fẹ́ gba aláwọ̀ dúdú sí yàrá. Kàkà kí ó ká gúọ́ sí kọ̀rọ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí a mọ̀ sí WASU, sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1925. Láti 1929 sí 1932, Ṣólàńkẹ́ rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó ń tọrọ owó ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbé. Ní 1933, ilé náà ṣí ní Camden ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń ṣe ìtọ́jú ilé náà, tí ó ń se oúnjẹ ilé fún àwọn ọmọ tí ó jìnnà sí ilé. Àwọn ènìyàn máa ń rántí WASU nítorí òṣèlú àti ìjà òmìnira. Ó yẹ kí a rántí pẹ̀lú pé ibùsùn, oúnjẹ àti ẹni tí ó ń kí ni káàbọ̀ wà lára ohun tí ó mú ẹgbẹ́ náà dúró.

Ní ti àwọn tí àárẹ̀ ọkàn ti mú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo fi ọ̀nà hàn wá ní Aro láti 1954. Kò ti gbogbo àwọn aláìsàn mọ́ inú ilé ìwòsàn. Ó fi wọ́n sí ilé àwọn ará abúlé tí ó wà nítòsí, ó sì ní kí ẹbí kan bá aláìsàn wá láti máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ń gba oògùn, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé jẹ, wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ní ìlú Harare ní Zimbabwe, láti 2006, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà mẹ́rìnlá bí wọn yóò ṣe máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ tẹnu ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìsoríkọ́ àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà dín kù ju ti àwọn tí wọ́n fún ní ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ. Bẹ́ǹṣì kò wọ́n. Ìyá àgbà kò sì tán ní Ìwó.

Ẹ̀wẹ̀, ó yẹ kí a kìlọ̀ nípa ojútùú èké. Ẹgbẹ́ òkùnkùn mọ ọmọ tí ó dá wà. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà lóúnjẹ, òun ni wọ́n ń pè ní arákùnrin. Ọ̀pọ̀ tí ó wọ ẹgbẹ́ náà kò wá ìjà. Ẹni tí yóò gbèjà wọn ni wọ́n ń wá. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn wọ ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ University, Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Bí àwa kò bá na ọwọ́ sí ọmọ tuntun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹlòmíràn yóò na tirẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá fi ẹnu kò sí ìgbà kan lọ́sẹ̀, bí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí wọn yóò jẹun pọ̀. Ẹ̀wà àti gàrí tó, bí kò bá sí ẹran. Ẹni tí kò ní owó lè fọ abọ́, kí ìtìjú má lé e jáde. Kí àwọn tí ó wà ní kíláàsì kan náà pín ara wọn sí ẹgbẹ́ ìkàwé, ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí òfin ẹgbẹ́ náà sì jẹ́ pé bí ẹnì kan bá pa ìjókòó jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan yóò lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ni í jẹ ejò níyà. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà yan ẹ̀gbọ́n kan fún ọmọ tuntun mẹ́rin mẹ́rin. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n náà kò le: kí ó rí wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní sáà àkọ́kọ́, kí ó mọ orúkọ wọn, kí ó sì mọ ẹni tí kò wá.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn náà ní iṣẹ́ láti ṣe. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí ó kọ́kọ́ kí ènìyàn, kí ó má dúró kí wọ́n kí òun. Kí ó wọ ẹgbẹ́ kan, ìbáà jẹ́ ti eré ìdárayá, ti akọrin, ti ìjọ tàbí ti mùsùlùmí. Fóònù dára láti fi gbọ́ ohùn ilé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí ó ń wo ìgbádùn àwọn ẹlòmíràn lórí fóònù títí di òru, ń fi iyọ̀ sí ojú egbò ni.

Àwọn olùkọ́ kò lè mọ gbogbo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Ṣùgbọ́n olùdámọ̀ràn ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lè ní ìwé orúkọ, kí ó sì bá akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìdánwò àkọ́kọ́ tó dé. Ọmọ tí ó yege dáadáa tẹ́lẹ̀, tí kò wá sí kíláàsì mọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ lójijì. Kí olùkọ́ bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ó tó bínú.

Ará ìlú náà kò gbọdọ̀ ka ara wọn kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwó jẹ́ ìlú tí mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ti ń jọ gbé. Bí Iléyà tàbí Kérésìmesì bá dé, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò rí owó ọkọ̀ lọ sílé, abọ́ ìrẹsì kan láti ilé onílé rẹ̀ lè mú kí ó mọ̀ pé òun kò sọnù. Kí onílé mọ orúkọ ọmọ tí ń gbé yàrá rẹ̀, kí ó má jẹ́ nọ́ńbà yàrá nìkan ni yóò fi máa pè é.

Ní ti àwọn òbí, ìbéèrè wọn ni ó yẹ kí ó yí padà. Bí wọ́n bá bèèrè pé, "Ṣé ò ń kàwé?", ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọn yóò gbọ́. Kí wọ́n bèèrè pé, "Ta ni o bá jẹun lánàá? Kí ni orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ?" Bí ọmọ náà kò bá rí orúkọ kan dá, kí wọ́n tètè wọkọ̀ lọ wò ó.

Níkẹyìn, ìgbà kan ń bẹ tí ọ̀rẹ́ àti oúnjẹ kò ní tó. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá sùn mọ́, tí kò jẹun, tí ó ń pín ẹrù rẹ̀ fún àwọn ènìyàn, tàbí tí ó ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ má ṣe bá a ṣe ìlérí pé ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè, kì í sì í ṣe ẹ̀sín. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń pe irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní wèrè.

Ní ìgúnlẹ̀, ìdánìkanwà kò ní tán ní yunifásítì, nítorí pé kíkúrò nílé jẹ́ ara dídàgbà. Ṣùgbọ́n a lè dín in kù, kò sì sí èyí tí ó ń bèèrè owó ńlá nínú ohun tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí. Abọ́ ẹ̀wà, ìwé orúkọ, bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, àti ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn ni. Ènìyàn ni aṣọ ènìyàn. Kí ẹni tí ó bá ní aṣọ méjì wò yíká yàrá rẹ̀ lálẹ́ òní, bóyá ẹni tí òtútù ń mú wà níbẹ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ O KÍYÈSÍ

1. A mọ̀ọ́mọ̀ fa àròkọ yìí gùn kí o lè rí ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ nínú rẹ̀. Bí ìbéèrè bá ní kí àròkọ má dín ní 300 ẹyọ ọ̀rọ̀, mú kókó mẹ́rin tàbí márùn-ún péré, kí o ṣe àlàyé wọn dáadáa.

2. Wo ìfáàrà. Odídẹrẹ́ ni a fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìpín-afọ̀ náà tó parí, a ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó dá dé yunifásítì. Ìfáàrà tí ó bá gùn tí kò já sí orí-ọ̀rọ̀, ẹrù òfo ni.

3. Ìpín-afọ̀ kọ̀ọ̀kan ní kókó kan ṣoṣo. Fa ìlà sí abẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó so wọ́n pọ̀, bí "Èkíní", "Ní ilẹ̀ wa pàápàá", "Ẹ̀wẹ̀", "Ní ti", "Níkẹyìn", "Ní ìgúnlẹ̀".

4. Òwe kò pọ̀ nínú àròkọ yìí. Èyí tí a lò ń ṣiṣẹ́ níbi tí ó wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kó òwe mẹ́wàá jọ sínú ìpín-afọ̀ kan kò fi ọgbọ́n hàn.

5. Má ṣe fi ọdún tàbí iye tí kò dá ọ lójú sínú àròkọ. Olùyẹ̀wò kò ní yọ máàkì rẹ nítorí pé o kò dárúkọ ọdún. Ṣùgbọ́n irọ́ ń ba ẹwà iṣẹ́ jẹ́.

6. Ṣọ́ àkọtọ́ rẹ. Kọ "pé", má kọ "wípé", bí o bá fẹ́ sọ pé "ó sọ pé". Kọ "nǹkan", má kọ "nkan". Fi àmì sí "ẹ̀kọ́" dáadáa: ẹni tí ó bá kọ "mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ" ti lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kọ.

IṢẸ́ ṢÍṢE

(a) Lo àwọn wọ̀nyí nínú gbólóhùn tìrẹ: finú hàn, ká gúọ́ sí kọ̀rọ̀, tú palẹ̀, fi ẹnu kò, fi iyọ̀ sí ojú egbò.

(b) Àbúrò rẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ní Ìwó kọ̀wé sí ọ pé òun fẹ́ máa bọ̀ wá sílé nítorí pé òun kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kọ lẹ́tà gbẹ̀fẹ́ láti fi dá a lóhùn. Má ṣe bá a wí nìkan. Sọ ohun mẹ́ta tí ó lè ṣe kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

(d) Kọ ìsọ̀rọ̀gbèsì láàrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ọkàn rẹ̀ wúwo àti ìyá àgbà kan tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọgbà ilé ìwòsàn. Rántí pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ bu ọ̀wọ̀ fún àgbà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ìyá àgbà sì gbọ́ ju bí ó ti ń sọ lọ.

(e) "Ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé inú ọgbà yunifásítì ju kí ó máa gbé àárín ìlú lọ." Kọ àròkọ alárìíyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí.